Omi Tí Mo Ń Ṣọ́

Kí n tó wo ojú ọmọ-ọmọ mi dáadáa, ìgò omi kan ni mo kọ́kọ́ wò. Ó wà lórí pẹpẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ara móoru, tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Láti ibi tí mo dúró sí, n kò rí àkọlé kankan lára rẹ̀. Mo wo ìgò, mo wo Sístà tó dúró tì í, mo wo àgbélébùú kékeré tó fi kọ́rùn, mo sì sọ nínú ara mi pé ó tán, wọ́n ti ṣe é.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹdẹ níbí. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò, èmi ni wọ́n máa ń ní kó dúró lẹ́yìn kíláàsì, torí kò sí ọmọ tó lè jí ìwé wò kí n má mọ̀. Mo mọ èyí tó kọ ìdáhùn sí itan, mo mọ èyí tó ń wúkọ́ láti fi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ fún mi ní ìnagijẹ kan tí n kò ní sọ níbí, àmọ́ orí ojú mi ló dá lé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ojú náà kò fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà sì ní ìtàn tirẹ̀ nílé wa. Agboolé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, ní àárín ìlú, níbi tí ògiri ilé wa ti fara ti ògiri mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé ìjọ nínú wa. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni bàbá wa fi mú un débẹ̀. Nígbà tí sáà kìíní parí, orúkọ mìíràn ló wà lórí ìwé èsì rẹ̀. Wọ́n ti da omi sí i lórí. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ: omi díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Bàbá mi kò nà án, kò sì lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Orúkọ ti tẹ́lẹ̀ ló kàn ń pè é títí ó fi kú, ẹ̀gbọ́n mi a sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá mi láàárín ìgbà tó bá pè é sí ìgbà tó bá dáhùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àwọn Sístà yìí ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ẹdẹ, wọ́n sì ní àwọn kéékèèké káàkiri ìlú tó yí wa ká, ọ̀kan ní Sekona, ọ̀kan ní Ara, ọ̀kan lọ́nà Awo. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbé aláìsàn láàárín wọn. Bí orúkọ rẹ bá ti wọ ìwé wọn níbì kan, ìwé náà á mọ ọ̀nà dé ìyókù. Wọ́n ní iṣẹ́ èrè kọ́, wọ́n ní nítorí Ọlọ́run ni. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ń ta iṣu fún mi, mo mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó ní òun kò wá nǹkan kan, kí ló wá ń wá?

Ọmọ mi obìnrin, èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́fà tí mo bí, ń gbé Sekona pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tírélà tó máa ń kó ẹrù lọ sókè Ọya. Oyún rẹ̀ pé oṣù méje tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ojú ń ṣú u. Ó lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kékeré àwọn Sístà ní Sekona, wọn kò sì jẹ́ kó padà sílé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Wọ́n gbé e wá sí Ẹdẹ kíákíá, kí n tó wọ bàtà kí n tó débẹ̀, ó ti wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọn kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí n dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún ń bi ara mi pé, kí ló dé tí wọn kò lè dúró kí n dé?

Ọmọbìnrin ni wọ́n gbé jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Dókítà wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Màmá, ara ìyá ọmọ á yá. Ọmọ gan-an là ń wò báyìí." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ó. Mo ń wo àwọn tó ń wò ó pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé kànrìnkàn tuntun, ọṣẹ dúdú àti àdín wá láti ilé. Ṣé ọmọ tí wọn kò wẹ̀ á ṣe dàgbà? Mo ti fi ọwọ́ yìí wẹ ọmọ tèmi mẹ́fà, mo sì ti wẹ ti aládùúgbò tí n kò lè kà tán. Sístà gba igbá lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbé e sí ìsàlẹ̀.

"Màmá, a ò tíì ní wẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ ò lè gba òtútù."

"Ìgbà wo la ó wá wẹ̀ ẹ́?"

"Tó bá lágbára díẹ̀."

"Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo máa lò."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀ ẹ́."

Mo gbé igbá mi, mo jókòó. Ọkàn mi ń ṣe ìṣirò. Ta ní í fi ọmọ tuntun sílẹ̀ láìwẹ̀? Ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣàn kúrò lórí rẹ̀ ni. Mo yíjú sí ìgò orí pẹpẹ. Ó dà bíi pé omi inú rẹ̀ ti dín. Bóyá kò dín, n kò mọ̀, n kò wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.

Sístà náà kò tíì pé ogójì ọdún lójú mi. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, bàtà rẹ̀ kì í dún. Mo kórìíra bàtà tí kì í dún. Láràárọ̀, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, á ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, á fi àtàǹpàkò kan ọmọ wa níwájú orí, ètè rẹ̀ á máa mì. Lẹ́yìn náà, á fa ìwé kékeré kan yọ lápò, á kọ nǹkan sí i, á dá a padà. Ní ọjọ́ kẹta, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Sístà, kí lẹ máa ń sọ fún un?"

"Mo máa ń kí i káàárọ̀ ni, Màmá."

"Ẹ̀ ń kí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta káàárọ̀?"

"Ṣebí òun náà jí."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Irú ìdáhùn yẹn, tó dùn tí kò sì sọ nǹkan kan, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kíláàsì kẹfà rí, ìwé sì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó ilé wa kan gbé oúnjẹ wá fún mi. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá, ẹ la ojú yín o. Wọ́n ní tí ọmọ bá ti fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ níbí, wọn kì í béèrè. Wọ́n á ti rọ omi sí i lórí kó tó lọ."

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, bí ọmọ kan bá sọ pé "wọ́n ní," mo máa ń dá a dúró, mo máa ń bi í pé, "Ta ni wọ́n?" Lọ́jọ́ yẹn, n kò béèrè. Mo kàn ní, "Èmi náà ti fura," mo sì ń jẹ oúnjẹ mi.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n gbé ọmọ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ. Ayọ̀ mi kò tíì balẹ̀ tí Sístà fi dé pẹ̀lú aṣọ gbọọrọ kan lọ́wọ́. Ó ní ara ènìyàn ló kù tí ọmọ náà nílò, kí wọ́n gbé e sáyà ẹni níhòòhò, kí ooru ara máa wọ̀ ọ́ lára. Ìyá rẹ̀ ni ì bá ṣe é, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kò tíì wálẹ̀. Ó ṣì dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, tó bá dìde jókòó, òòyì á máa kọ́ ọ.

"Màmá, àyà yín la máa yá."

Ìtìjú mú mi. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kí n bọ́ búláòsì nínú yàrá funfun báláú yẹn! Mo ṣáà bọ́ ọ. Ó gbé ọmọ náà sí àárín ọmú mi ní ìdúró, pẹ̀lú fìlà lórí àti ìlédìí nìkan nídìí, ó fi aṣọ gbọọrọ náà dè wá pọ̀. Ọkàn ọmọ yẹn ń lù tìkìtìkì lára àyà mi, ó yára ju tèmi lọ, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù pé kí tèmi má bò ó mọ́lẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo yíjú sí ògiri kí Sístà má rí i, torí n kò fẹ́ kó mọ ibi tí mo ti rọ̀.

Ó rí i. Ó dúró títí mo fi nu ojú tán, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè sọ pé n kò gbọ́.

"Ẹ máa rí ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, Màmá. Àwọn ọmọ tó kéré báyìí máa ń gbàgbé láti mí. Tó bá ti gbàgbé, ẹ fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, á rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí ojú rẹ̀ kò lè mọ̀."

Mo gbọ́. Mo tún un sọ fún un, bí ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń tún un sọ fún mi.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọjọ́ kẹjọ. Ọkọ ọmọ mi pè mí láti ojú ọ̀nà, ariwo ọkọ̀ ń bo ohùn rẹ̀. Ó ní, "Màmá, n ò lè tètè dé. Ẹ bá wa sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá." Ó sọ orúkọ tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí. Orúkọ tó dára ni. Mo pa á mọ́ sọ́kàn, àfi bíi pé ẹnìkan fẹ́ jí i. Wọn kò tíì pe ìrun sí ọmọ yẹn létí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, torí inú ẹ̀rọ ló bọ́ sí. Ọjọ́ méje gbáko, kò tíì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Bí a bá jẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ kọjá, ta ní mọ orúkọ tí wọ́n á kọ sínú ìwé kékeré yẹn?

Kí n lọ bá Sístà pé mo fẹ́ kí ààfáà wọlé? Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Àbí, ta ní í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ń fura sí? Mo ránṣẹ́ sí ààfáà agboolé wa kó pàdé mi lẹ́nu géètì ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ, ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Kó pe ìrun sí i létí, kó sọ orúkọ, kí n gbé ọmọ mi padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Gbogbo ará ilé ìwòsàn ló mọ̀ pé ọmọ àyà, ọmọ tí wọn kò tíì dá sílẹ̀ ni. Bí mo bá gbé e sáyà dé géètì, ọlọ́dẹ á dá mi padà. Ṣùgbọ́n ta ní í wo obìnrin tó pọnmọ? Ní Ẹdẹ yìí, bí o bá pọn ọmọ, ojú kì í dúró lára rẹ. O lè wọ báǹkì, o lè wọ ààfin.

Mo tú aṣọ gbọọrọ náà. Mo fi ìró wé ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo pọ̀n ọ́n, mo fi ọ̀já gbà á, mo ju ìborùn bò ó kí oòrùn má pa á. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé ni. Bí ẹ̀yìn mi ṣe gba ìwọ̀n kékeré yẹn, inú mi dùn, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ méje. Mo ní, ẹ̀yìn ni ọmọ wa ń gbé, àyà kọ́.

Mo gba fàráńdà kọjá. Ère obìnrin aláṣọ búlúù kan wà níbẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ síwájú. Mo ní sínú pé, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́mọ síwájú, èmi kò gbọ́. Ọlọ́dẹ ní, "Màmá, ẹ ń lọ ni?" Mo ní, "Mò ń bọ̀." Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn mi.

Ààfáà wà lábẹ́ igi dóńgóyárò lójú títì, ìgò oyin lọ́wọ́ rẹ̀. A kí ara wa. Ó béèrè ara ọmọ mi, mo dáhùn. Ó béèrè orúkọ, mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì kó má ṣì í. Ọmọ náà dákẹ́ lẹ́yìn mi ní gbogbo àkókò yẹn. Ọmọ mẹ́fà ni mo ti pọ̀n. Bí wọ́n bá dákẹ́ lẹ́yìn mi, oorun ni. Mo rò pé oorun ni.

Ààfáà ní, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n pe ìrun sí i."

Mo tú ọ̀já. Mo fà á wá síwájú. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Mo ra á lẹ́yìn. Mo tún ra á. Kò rántí.

N kò mọ ohun tí mo pariwo. Ààfáà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Sístà ni mò ń pè. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọlọ́dẹ kọjá, mo ń sáré láìwọ bàtà, mi ò mọ ibi tí bàtà gbé bọ́. Sístà jáde láti ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó gba ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì fàráńdà, ó ń fi ìka ta á látẹ́lẹsẹ̀, ó ń nu ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sáré gbé nǹkan rọ́bà kan wá, ó dé e mọ́ ọmọ náà ní imú àti ẹnu, Sístà sì ń fún un díẹ̀díẹ̀, ó ń ka iye rẹ̀ lábẹ́ ètè.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Sístà, omi yẹn! Ẹ dà á sí i lórí!"

"Omi wo, Màmá?" Kò wò mí.

"Omi ìjọ yín! Èyí tó wà nínú ìgò! Ẹ sọ ọ́ di tiyín, orúkọ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Kó ṣáà mí!"

Èmi ọmọ bàbá mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bó bá tún di ọ̀la, bẹ́ẹ̀ náà ni màá wí.

Sístà gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó rí ààfáà tó ti sáré dé, tó dúró lẹ́yìn mi tòun ti ìgò oyin, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó tún tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ pè sí i létí tẹ́lẹ̀? Ẹ pè é. Ẹ wá sí apá ọ̀tún, ẹ má dí mi lọ́wọ́."

Ààfáà kò kúrò lójú kan. Èmi ni mo wọ́ sún mọ́ etí ọmọ náà, mo pe ìrun sí i bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láti ẹnu mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa láti kékeré. Ibi tí mo bá gbàgbé, mo tún bẹ̀rẹ̀. Sístà ń ka iye tirẹ̀, èmi ń pe tèmi, àwa méjèèjì forí kanrí lórí ọmọ tí kò tó ìwọ̀n ẹyẹlé. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo tún un pè. Mo dúró de ìdáhùn, mo sì mọ irú ojú tó wà lójú mi, torí mo ti rí i rí lójú bàbá mi.

Ọmọ náà wúkọ́. Igbe kan jáde lẹ́nu rẹ̀, igbe wẹ́rẹ́, bíi ti ọmọ ológbò. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti mí."

Wọ́n gbé e padà sínú yàrá. Mo tẹ̀lé wọn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú mi ni nọ́ọ̀sì ṣe mú ìgò omi kan lórí pẹpẹ yẹn, ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi abẹ́rẹ́ fà á, ó fi po oògùn ìyẹ̀fun kan, ó sì gún un fún ọmọ inú ẹ̀rọ kejì. Ìgò mìíràn bí irú rẹ̀ kún inú páálí kan lábẹ́ pẹpẹ. Mo ti ń wọn omi oògùn láti ọjọ́ kejì.

Sístà fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó wá bá mi. Mo ń retí kó pariwo mọ́ mi. Mo fẹ́ kó pariwo.

"Màmá, àwọn ààfáà máa ń wọlé síbí wá sọ ọmọ lórúkọ. Ọṣẹ àti omi nìkan la máa ń ní kí wọ́n fi fọ ọwọ́. Ẹ ò sọ fún mi ni."

Mo ní, "Sístà, ṣé ẹ máa sọ fún ìyá rẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ bí ìyá rẹ̀," ló wí. Ó fa ìwé kékeré yẹn yọ, ó kọ nǹkan sí i, ó lọ. Bàtà rẹ̀ kò dún.

Ẹ ó rò pé ìfura mi parí níbẹ̀. Rárá o, ó kàn kó lọ síbòmíràn ni. Mo gbé ọmọ náà sáyà lójoojúmọ́ títí ara ìyá rẹ̀ fi yá tó gbà á lọ́wọ́ mi, n kò ṣẹ́jú kúrò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Sístà bá ti lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, mo ti wà níbẹ̀, mo ń tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò hunjọ. Kí ló dé tí kò sọ? Kí ló ń fi ìdákẹ́ yẹn pa mọ́? Ẹni tó bá mọ àṣírí rẹ tí kò tú u, ó ní ọjọ́ tó ń dá. Mo ń retí ọjọ́ náà. Mo sì ń ro ohun tó ń kọ sínú ìwé, torí mo mọ̀ pé ìwé wọn kì í jókòó sójú kan.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a máa lọ sí Sekona, kí a máa gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré wọn tó wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sístà fi lẹ́tà kan sínú àpòòwé, ó ní kí n fún nọ́ọ̀sì tó wà lọ́hùn-ún. Èmi ló fún. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi jókòó síwájú ọkọ̀, ọmọ tuntun láyà rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn, mo sì ṣí àpòòwé náà. Gbogbo ọmọ tí mo ti fi sórí ìkúnlẹ̀ ní ìta gbangba nítorí pé ó yọjú wo ìwé ẹlòmíràn, kí wọ́n dárí jì mí.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó sọ nìyí: lọ́jọ́ kẹjọ, ọmọ yìí dẹ́kun mímí lọ́sàn-án. Ìyá àgbà rẹ̀ ló rí i, ó sáré gbé e wá bá wa, ọmọ sì padà mí. Ẹ gba ìyá àgbà láyè kó máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ọ dáadáa.

Mo kà á títí a fi dé oríta Sekona. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Mo wá irọ́ níbẹ̀, mi ò rí. Ó fi ohun kan sílẹ̀ ni, ó sì fi í sílẹ̀ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Sekona gba lẹ́tà, ó kà á lórí ìdúró, inú rẹ̀ dùn. Ó yíjú sí ọmọ mi, ó ní, "Háà, ẹ ò mọ̀ ni? Ọmọ yín ò mí mọ́ lọ́jọ́ kẹjọ! Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá o. Àwọn ni wọ́n gbà á là."

Ọmọ mi wò mí. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó di ọmọ mú láyà, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì yẹn, tòun ti ojú iṣẹ́ abẹ tí kò tíì jinná dáadáa.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun, ẹ ò sì sọ fún mi."

Orúnkún rẹ̀ kan kò tíì kanlẹ̀. N kò lè jẹ́ kó kanlẹ̀.

"Dìde," mo ní. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Sístà ní kí n máa rí ojú rẹ̀, mo tú u kúrò láyà, mo pọ̀n ọ́n, mo ju ìborùn bò ó. Ẹ̀yìn mi ló ti dákẹ́."

Ó dúró bó ṣe wà, kò kúnlẹ̀, kò dìde tán. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ bo orí ọmọ rẹ̀, ó rìn lọ sí ìdí bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún, ó jókòó. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi wọ ọkọ̀ padà sí Ẹdẹ, kò sì gbé fóònù mi fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó gbé e, ara ọmọ ló ròyìn fún mi, bí ẹni ń ròyìn fún àlejò.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Ọmọ náà ń sáré, ó ń bú mi, bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló máa ń dáhùn. Ó ti wúwo kọjá ohun tí ẹ̀yìn àgbàlagbà ń rù, síbẹ̀ bí wọ́n bá wá kí mi, á máa fa ìró mi pé kí n pọn òun. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á dìde níbi tó wà, láìsọ̀rọ̀, á wá sẹ́yìn mi, á yí ojú ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, á fi ìka wọn ọ̀já bóyá ó ti le jù. Lẹ́yìn náà á padà lọ jókòó, á sì máa wò mí títí màá fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lò ó lẹ́yìn kíláàsì. Mo máa ń dúró síbi tó ti lè rí mi dáadáa.